Kí Ló Dé Tí Ìbọn Fi Ń Kọ̀?

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, láti Massè títí dé Oko-Akaré, ó ṣòro kí a tó rí ọdẹ tí ìbọn kò kọ̀ fún rí. Ọ̀yà dúró gbọnin nínú koríko, iná orí ọdẹ ti mú un lójú, ọdẹ fa apátí, ohun tó gbọ́ kò ju “kẹ̀” lọ. Kó tó tún un fà, ọ̀yà ti wọgbó. Bó bá délé, ẹnì kan á ní ayé ló di ìbọn rẹ̀, ẹlòmíì á ní Ògún ló ń bínú. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nínú orí yìí ni ohun tí irin, ẹ̀tù àti ọta ń ṣe láàrin ìgbà tí ìka fa apátí sí ìgbà tí ìbọn dún. Àkókò náà kúrú púpọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ni ìkọ̀ ti ń wáyé.

Ìbọn méjì la ó yẹ̀ wò. Èkíní ni ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ tí alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, tí gbogbo ilé ọdẹ mọ̀. Èkejì ni ìbọn ìléwọ́ tí ọlọ́pàá ń so mọ́ ìbàdí lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè àti Kétou, èyí tó ń kì ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín. Nítorí náà ni mo ṣe máa pè é ní ìbọn adákì. Àwọn méjèèjì ń kọ̀. Ti ṣakabùlà, iná ni kì í dé ibi tó yẹ. Ti adákì, ọta ni kì í rí ọ̀nà gbà, pàápàá jù lọ ọta tí wọ́n dá ihò sí lórí.

Iná tí kò wọlé

Ẹnu ni wọ́n ti ń kì ṣakabùlà. Ọdẹ á da ẹ̀tù láti inú ado sínú ọ̀pá ìbọn, á fi àkísà tàbí ìhá ọ̀pẹ dí i, á fi ọ̀pá ìkìbọn gún un kó lè ki dáadáa, á wá da ọta sí i, á tún dí i. Ẹ̀tù ti wà nísàlẹ̀, ọta ti wà lórí rẹ̀, iná ló kù. Òde sì ni iná yìí ti ń bọ̀, ó ń gba inú ihò tín-ín-rín kan tí wọ́n lu sí ìdí ọ̀pá wọlé.

Nínú irú èyí tó pẹ́ jù, akọ òkúta ni apátí gbé lẹ́nu. Bí ìka bá fà á, òkúta á ha irin, ìparà iná á já bọ́ sórí ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ẹ̀tù yẹn á gbiná, ahọ́n iná á sì gba inú ihò lọ bá èyí tó wà nínú ọ̀pá. Ìta gbangba ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ lè gbé ẹ̀tù lọ, tí òjò sì lè pa á. Ó tún ní àléébù mìíràn. Alexander Forsyth, àlùfáà kan ní Scotland tó fẹ́ràn ọdẹ ẹyẹ, ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ ń rí iná inú àwo kí ọta tó jáde, wọ́n á sì ti fò lọ. Ó wá èròjà tí yóò bú bí a bá ṣáà ti lù ú, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1807. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti bọ́ sórí fìlà bàbà kékeré tí èròjà abúgbàù wà nínú rẹ̀: wọ́n á fi dé orí ọmú irin kan, apátí á gbá a, fìlà á bú, iná á gba inú ọmú náà wọlé. Ìdáná ni mo máa pe fìlà yìí, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ìdáná dín ìkọ̀ kù, kò lè pa á rẹ́, nítorí ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ní àrùn tirẹ̀. Ẹ̀tù dúdú jẹ́ àpòpọ̀ èròjà mẹ́ta. Bí a bá wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ kan tí kì í ṣe ti ọbẹ̀, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Èédú àti imí ọjọ́ ló ń jó. Iyọ̀ yẹn ló ń pèsè èémí tí iná fi ń jó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀tù fi lè jó nínú ọ̀pá tí a dí pa, níbi tí igi ìdáná èyíkéyìí ì bá ti kú. Àmọ́ èédú kún fún ihò wínníwínní, ó ń fa ọ̀rinrin mu. Bí iyọ̀ náà kò bá sì mọ́, òun pẹ̀lú á máa fà á. Ẹ̀tù tó ti rin kì í sábà kọ̀ pátápátá. Ó máa ń jó díẹ̀díẹ̀, ọta á sì jáde láìní agbára.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í fiyè sí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú tó jó ni kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan a bá èéfín funfun jáde, ìyókù a lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá. Ìdọ̀tí yìí ní iyọ̀ nínú, ó ń gba omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ń jẹ irin, ó sì ń dí ihò ìdí ọ̀pá. Ọdẹ tó yìn ìbọn lálẹ́ àná, tó gbé e kọ́ láìfọ̀, ti ń pèsè ìkọ̀ alẹ́ òní sílẹ̀. Omi gbígbóná ló dára jù láti fi fọ̀ ọ́, nítorí omi ń yọ́ iyọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà kí ó gbẹ, kí a fi òróró pa á. Òróró nìkan láìfomi fọ̀ kàn ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ ni.

Ilẹ̀ wa kò sì bá ẹ̀tù rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkeje, ó sì tún padà lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́. Ní ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, kò jìnnà sí Massè, ẹrẹ̀ ìgbà òjò kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣeé gbé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé, ẹrẹ̀ yẹn ló jẹ́ odi wọn. Òjò tó ń sọ ilẹ̀ di odi ni ọ̀tá ẹ̀tù, kò sì sí bí jagunjagun ṣakabùlà ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Kí n tó kúrò lórí ṣakabùlà, ọ̀rọ̀ kan wà tó lè gba ẹ̀mí là. Ìbọn tó ní “kẹ̀” tí kò dún lè má tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀yinná kan á wà nínú ihò, á máa jó rọra, ó di ìgbà díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù, ìbọn á sì dún lójijì. Ẹni tó bá ti yẹjú wo ẹnu ìbọn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ kò ní ròyìn rẹ̀. Kí ọdẹ dúró, kí ó kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí kò séèyàn, kí ó ka ìṣẹ́jú kan dáadáa, ó kéré tán, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn àgbà ti ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?

Iná tí wọ́n tì mọ́lé

Ní 1884, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tuntun tí èéfín rẹ̀ kò lè bo ojú pápá, tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì kéré jọjọ. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn Lebel tó ń lo ẹ̀tù yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé, òun náà sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Dodds gbé wá bá Béhanzin, ọba Dahomey, jà ní 1892.

Ẹ̀tù náà kì í dá wá. Inú katiríìjì ló ń gbé, ohun tí Faransé ń pè ní cartouche. Ẹ mú ọ̀kan sọ́wọ́: èèpo idẹ ni ara rẹ̀, ẹ̀tù wà nínú, ọta dí ẹnu rẹ̀ pinpin, ìdáná sì wà láàrin ìdí rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọdẹ ń kì lọ́kọ̀ọ̀kan ti wà lójú kan, tí òjò kò sì ráyè bá a. Èèpo yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí ojú kì í rí. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ìyẹn ibi tí katiríìjì ń wọ̀ sí ní ìdí ọ̀pá, kò ní jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn lọ bá ojú ẹni tó yìn ín. Lẹ́yìn náà á tún sún kì díẹ̀, kí ó lè ṣeé fà jáde. Irin líle kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi yan idẹ nìyẹn.

Látìgbà yẹn, ìkọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ iná wá di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ bí ọ̀ràn iná ṣe ń tán lọ ni wọ́n ń ṣe ìbọn tó ń dá kì, ọ̀ràn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú adákì

Inú ìdìmú ìbọn ìléwọ́ ni àpò ọta wà. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, tí katiríìjì tò léra lórí nínú rẹ̀, tí sípíríǹgì sì ń tì wọ́n sókè láti ìsàlẹ̀. Ètè irin méjì ló di katiríìjì òkè mú kó má baà fò jáde. Lókè ìdìmú ni ìbòrí irin wúwo kan wà tó lè rìn síwá sẹ́yìn.

Nígbà tí ìbọn bá dún, agbára tó ń ti ọta síwájú náà ló ń ti ìbòrí sẹ́yìn. Bó ṣe ń lọ, èékánná irin kan tó di ìdí èèpo òfìfo mú á fà á jáde kúrò nínú ilé ọta, irin kékeré mìíràn á gbá a dànù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìbòrí á dé ìpẹ̀kun rẹ̀, sípíríǹgì ńlá á tì í padà. Bó ṣe ń padà bọ̀, yóò fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbá ìdí katiríìjì tuntun tó wà lẹ́nu àpò, yóò tì í síwájú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Katiríìjì kò wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ilé ọta. Ìsàlẹ̀ ló wà. Ó ní láti gòkè kí ó tó wọlé. Nítorí náà wọ́n gbẹ́ irin kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ilé náà. Imú ọta á kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, á yọ̀ gòkè, á tẹ orí ba, á wọlé, nígbà tí ìdí rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ètè àpò díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀ níbi tó dé yẹn. Ìrísí imú rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ irin, àti àkókò tí ètè àpò tú u sílẹ̀ ló ń darí rẹ̀.

Ọta tí wọ́n dá ihò sí lórí

Ọta tí àwọn ọmọ ogun ń lò fún ìbọn ìléwọ́ sábà máa ń ní orí róbótó, òjé nínú, bàbà lára. Ọta oníhò yàtọ̀: bàbà rẹ̀ kò bo orí, ihò sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Bí ó bá wọ inú ẹran, omi inú ẹran á rọ́ wọ ihò náà, á tì í láti inú wá, ọta á ṣí, á fẹ̀. Ọta tó fẹ̀ ń yára dúró. Ọdẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹran má baà gbé ọgbẹ́ kékeré sá wọgbó lọ kú. Ọlọ́pàá ìlú ńlá fẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ọta má baà la ọ̀daràn kọjá lọ bá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò dùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1890, ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà Dum-Dum lẹ́bàá Calcutta ní Íńdíà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọta tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀, ará àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà ni wọ́n sì ṣe é fún. Láìpẹ́ wọ́n tún ṣe èyí tó ní ihò. Ní 1899, àpérò The Hague ka ọta tó ń fẹ̀ nínú ara èèyàn léèwọ̀ nínú ogun láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Láàrin àwọn nìkan, ẹ gbọ́ o; ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò kò sí níbi àpérò. Èèwọ̀ náà jẹ́ ti ojú ogun, kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti ọdẹ, ìdí nìyẹn tí ọta oníhò fi ṣì wà lọ́jà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá ń ti alùpùpù wọlé, táyà iwájú á kan àbáwọlé tó ga, á yí gun orí rẹ̀ láìjà, nítorí róbótó ni. Bí ẹ bá wá ń ti àpótí ọjà gba ojú kan náà, igun rẹ̀ á gbá àbáwọlé, á dúró gbọn-in. Orí ọta róbótó ni táyà yẹn. Ọta oníhò sàn díẹ̀ ju àpótí lọ, àmọ́ iwájú rẹ̀ tẹ́, etí ihò rẹ̀ sì mú, ó lè gún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́lẹ̀ dípò kó yọ̀. Ìbòrí á dúró lágbedeméjì, katiríìjì á yọ imú sókè láìwọlé. Ìbọn há nìyẹn. Ìdáná ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀tù gbẹ, apátí kò lẹ́ṣẹ̀.

Ìbọn kan tí ọ̀rọ̀ yìí hàn lára rẹ̀ kedere ni Browning Hi-Power. John Browning, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kú sí Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1926, Dieudonné Saive parí iṣẹ́ náà ní ilé iṣẹ́ FN, ó sì jáde ní 1935. Àpò rẹ̀ ń gba ọta 13, ohun ìyanu ni nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà wà lára ọ̀pọ̀ tó lò ó. Orí róbótó ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn ti àtijọ́ sì ní iké díẹ̀ láàrin. Ọta ológun ń gun iké yẹn láìmọ̀ pé ó wà. Nígbà tí àwọn aráàlú àti ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọta oníhò sí i, iké náà di ìkọ̀sẹ̀. FN padà tẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gún régé, ìháhámọ́ sì dín kù.

Ta ló yẹ kó yí padà?

Ọ̀nà méjì ni àwọn aṣèbọn àti aṣọta gbà pàdé ara wọn. Àwọn aṣèbọn mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fẹ̀ sí i, wọ́n dán an, wọ́n sì gbé àpò sí ibi tí katiríìjì yóò fi máa gòkè díẹ̀ péré kó tó wọlé. Àwọn aṣọta ní tiwọn tẹ etí bàbà sínú kí iwájú lè yíká, àwọn kan tilẹ̀ fi rọ́bà rírọ̀ dí ihò náà kí ó lè dà bí orí róbótó nínú ìbọn, kí ó sì ṣí nínú ẹran. Ìjà kan ní Miami ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1986, tún fún àwọn aṣọta ní ìdí mìíràn láti yí ọta padà: ọta oníhò kan gba apá ọ̀daràn kọjá, ó wọ àyà rẹ̀, ó fẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì dúró kó tó dé ọkàn. Ọkùnrin náà ń yìnbọn lọ. Méjì nínú àwọn ọlọ́pàá FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni FBI bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ọta wọlé ó kéré tán bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà nínú jẹ́látìn, oje tí wọ́n sè láti inú awọ àti egungun ẹran. Wọ́n ní láti tún ọta rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níwọ̀n bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ọta ti gba àtúnṣe báyìí, bí ìbọn ìléwọ́ ọlọ́pàá òde òní bá ń há pẹ̀lú ọta oníhò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Ó bani lẹ́rù bí àwọn èèyàn ṣe ń yára mú àyùn irin sí i. Dídán an láti mú kó yọ̀ kò léwu lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ́ ẹ jù ti gé lára ògiri tó gbé ìdí èèpo idẹ ró. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ibi tí ògiri kò sí yẹn ni idẹ yóò ti ya, iná á sì gba inú ìdìmú jáde sí ọwọ́.

Àpò ọta ni kí a kọ́kọ́ wò. Irin pẹlẹbẹ ni ètè rẹ̀. Bí ó bá já bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ètè kan lè ṣí ju èkejì lọ, katiríìjì á máa tètè bọ́ tàbí kó pẹ́ jù. Sípíríǹgì rẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í gbé katiríìjì dé òkè kí ìbòrí tó kọjá. Iyanrìn ìgbà ọyẹ́ tó bá òróró púpọ̀ pàdé á di ẹrẹ̀, á sì mú ìbòrí lọ́ra. Ọwọ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀: ìbòrí ń lo ìdìmú tó dúró gbọnin láti fi yí padà. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, gbogbo ìbọn á bá ìbòrí lọ sẹ́yìn, ìbòrí kò sì ní rìn dé òpin. Nígbà yẹn, ọta tó kàn lè máà rí ọ̀nà gbà bí orí rẹ̀ tilẹ̀ róbótó.

Ìwádìí tí olùtọ́jú ìbọn ní àgọ́ ọlọ́pàá ń ṣe kò sì ṣòro. Á kọ nọ́ḿbà sí ara àpò kọ̀ọ̀kan, á lọ sí pápá ìdánrawò, á yìn ọta oníhò tí wọ́n fẹ́ máa gbé kiri gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Àwọn amòye máa ń ní kí ó tó igba (200) kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tó bá há, á kọ nọ́ḿbà àpò àti ti ìbọn sílẹ̀. Bí ìháhámọ́ bá tẹ̀lé àpò kẹta láti inú ìbọn kan bọ́ sínú òmíràn, àpò kẹta ló ń jẹ̀bi, wọ́n á sì sọ ọ́ nù. Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn kan ló ń há pẹ̀lú àpò gbogbo, ìbọn yẹn á lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Bí gbogbo ìbọn àti gbogbo àpò bá ń há pẹ̀lú irú ọta kan ṣoṣo, wọ́n á dá ọta náà padà fún ẹni tó tà á.